Láti orí ẹní jẹ́lé-ó-sinmi dé ọ́fíìsì ọ̀gá iléèwé: ìtọ́sọ́nà fún ẹni tí ó fẹ́ fi ìkọ́ni ọmọdé ṣe iṣẹ́ ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Jẹ́lé-ó-sinmi ni Yorùbá ń pe iléèwé àwọn ọmọ kéékèèké: kí ọmọ jáde, kí ilé sinmi. Bí ẹ bá wò ó dáadáa, kò sí ẹ̀kọ́ nínú orúkọ náà rárá. Ìrọ̀rùn àwọn tí ó ṣẹ́kù sílé ni ó ń sọ. Èrò inú orúkọ yìí sì ni ó mú kí ọ̀pọ̀ iléèwé máa fi ẹnikẹ́ni tí kò bá ríṣẹ́ mìíràn ṣe sí kíláàsì àwọn ọmọ ọdún mẹ́ta, tí wọ́n á sì kó àwọn olùkọ́ tí ó mọṣẹ́ jù lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ó fẹ́ ṣe ìdánwò àṣejáde. Mo ti jókòó lórí ẹní pẹ̀lú àwọn ọmọ yìí ní Ìjẹ̀bú-Òde fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó ní kí n máa darí àwọn olùkọ́ mìíràn, ohun tí mo sì fẹ́ sọ fún ẹni tí ó ń gbèrò iṣẹ́ yìí ni pé orí ẹní yẹn ni ọ̀nà ọ́fíìsì gbà. Ẹni tí ó bá fò ó kọjá, kí táàmù kan tó parí ni àwọn olùkọ́ tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ yóò ti mọ̀.

Agbègbè wa kò ṣe àjèjì sí irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀. I. O. Ransome-Kuti ni ọ̀gá Ijebu-Ode Grammar School láti 1918 títí di 1932, ibẹ̀ ni ó sì wà nígbà tí wọ́n dá ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́, NUT, sílẹ̀ ní 1931 tí wọ́n fi í ṣe ààrẹ àkọ́kọ́. S. O. Awokoya, ọmọ Awà-Ìjẹ̀bú, ni ọ̀gá àkọ́kọ́ fún Molusi College ní Ìjẹ̀bú-Igbó ní 1949, kí ó tó di mínísítà ètò ẹ̀kọ́ lábẹ́ Awólọ́wọ̀ ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní January 1955. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni Tai Solarin dá iléèwé Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́. Ìkọ́ni ni gbogbo wọn kọ́kọ́ ṣe kí àṣẹ tó bọ́ sí wọn lọ́wọ́.

Ìgbésẹ̀ kìíní: kí ẹ tó ra fọ́ọ̀mù, ẹ lọ jókòó ní kíláàsì

Ẹ lọ bá ọ̀gá iléèwé kan ní àdúgbò yín, kí ẹ bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí ẹ bá Àǹtí àwọn ọmọ kéékèèké jókòó fún ọjọ́ márùn-ún. Ọjọ́ kan kò tó, nítorí pé àlejò ni ẹ jẹ́ lọ́jọ́ kìíní, àwọn ọmọ yóò kàn máa wò yín lójú ni. Ó di ọjọ́ kẹta kí wọ́n tó gbàgbé pé ẹ wà níbẹ̀, ìgbà yẹn ni ẹ ó sì rí iṣẹ́ náà bí ó ṣe rí. Ẹ wo àárọ̀ ọjọ́ Ajé, nígbà tí ọmọ ń sunkún di ìyá rẹ̀ láṣọ mú lẹ́nu géètì. Ẹ wo wákàtí tí ó tẹ̀ lé oúnjẹ ọ̀sán. Ṣùgbọ́n ara yín gan-an ni kí ẹ wò jù: nígbà tí ọmọ kẹrin tọ̀ sára lọ́jọ́ kan náà, kí ni ó kọ́kọ́ wá sí yín lọ́kàn? Bí ó bá jẹ́ ìbínú ni, kò sí ìtìjú níbẹ̀; àwọn ọmọ iléèwé gíráma náà nílò olùkọ́.

Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ pé iṣẹ́ obìnrin ni. Ọkùnrin ará Jámánì kan, Friedrich Froebel, ni ó dá irú iléèwé bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní 1837, tí ó sì fún un ní orúkọ tí ó túmọ̀ sí ọgbà àwọn ọmọdé, orúkọ tí mo rò pé ó sàn ju tiwa lọ. Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn ọkùnrin tí ó bá wá sọ́dọ̀ mi ni pé kí wọ́n jẹ́ kí olùtọ́jú obìnrin máa mú ọmọ lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kí ilẹ̀kùn kíláàsì wọn sì máa wà ní ṣíṣí.

Ìgbésẹ̀ kejì: ìwé ẹ̀rí

NCE, tí ènìyàn ń fi ọdún mẹ́ta gbà ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, ni ìwé ẹ̀rí tí ó kéré jù lọ tí ìlànà ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè yìí gbà lọ́wọ́ olùkọ́. Ẹ rí i dájú pé ẹ̀ka ìtọ́jú àti ẹ̀kọ́ ọmọdé ni ẹ mú, èyí tí wọ́n ń kọ ECCE, kì í ṣe ẹ̀ka mìíràn tí ẹ rò pé ẹ ó yí padà níkẹyìn. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ tí ó ń jẹ́ orúkọ Awùjalẹ̀ Sikiru Adetona wà ní Òmù. Yunifásítì Ẹ̀kọ́ Tai Solarin, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2005, wà ní Ìjàgún létí Ìjẹ̀bú-Òde. Olabisi Onabanjo wà ní Àgọ́-Ìwòyè. Babcock, tí ó jẹ́ ti aládàáni tí owó rẹ̀ sì ga, wà ní Ìlíṣàn-Rẹ́mọ. Ẹ lọ síbẹ̀ fúnra yín, kí ẹ béèrè bóyá ẹ̀ka tí ẹ fẹ́ ṣì ń gba akẹ́kọ̀ọ́ ní ọdún náà. Kírẹ́díìtì márùn-ún ni kí ẹ fi lélẹ̀ kí Gẹ̀ẹ́sì sì wà lára wọn, ẹ má sì fi Ìṣirò ṣeré, ẹ̀yin ni yóò kọ́ ọmọ ní ení, èjì.

Bí owó bá ń fún yín lọ́rùn, ìmọ̀ràn mi ni kí ẹ kọ́kọ́ gba NCE, kí ẹ ṣiṣẹ́ díẹ̀, kí ẹ wá fi í wọ yunifásítì láti ọdún kejì, èyí tí wọ́n ń pè ní Direct Entry. Mo ti rí i pé ẹni tí ó bá gba ọ̀nà yìí máa ń lóye ẹ̀kọ́ yunifásítì ju àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ lọ, nítorí pé bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ nípa ọmọ tí kì í gbọ́ran, ó ti mọ orúkọ ọmọ kan tí ọ̀rọ̀ náà bá mu. Ẹni tí ó ti gba dìgírì nínú ẹ̀kọ́ mìíràn, bí ìṣirò owó tàbí ẹ̀kọ́ nípa irúgbìn, PGDE, ìwé ẹ̀rí ìkọ́ni fún àwọn tí ó ti gba dìgírì, ni yóò lọ ṣe. Àwọn Àǹtí tí ó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ láìní ju ìwé ẹ̀rí gíráma lọ náà kò gbọdọ̀ rò pé ó ti tán: NTI, ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ti ìjọba àpapọ̀ tí oríkò rẹ̀ wà ní Kàdúná láti 1976, ni wọ́n dá sílẹ̀ kí olùkọ́ lè kàwé láì fi iṣẹ́ sílẹ̀, yunifásítì NOUN náà sì ń kọ́ ènìyàn láti òkèèrè.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ìforúkọsílẹ̀

Òfin 1993 ni ó dá TRCN sílẹ̀, àjọ tí ó ń forúkọ àwọn olùkọ́ sílẹ̀. Ẹ ó ṣe ìdánwò wọn lórí kọ̀ǹpútà, wọ́n ó sì fi yín sí ìpele tí ìwé ẹ̀rí yín bá mu: D ni ti NCE, C ni ti dìgírì àkọ́kọ́, B ni ti másítà, A sì ni ti ọ̀mọ̀wé. Ẹ ṣe é ní kété tí ẹ bá jáde, nígbà tí ọpọlọ ṣì gbóná.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ kọ́ lórí ẹní

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń fi àkókò TP, ìgbà tí wọ́n bá rán wọn lọ fi ìkọ́ni dánra wò ní iléèwé, wá máàkì láti ọ̀dọ̀ olùbẹ̀wò. Bébà aláràbarà ni wọ́n ń gé mọ́ ara ògiri títí ọjọ́ àbẹ̀wò yóò fi kọjá. Ẹ̀yin, ẹ lo àkókò náà láti kọ́ nǹkan mẹ́ta.

Èdè ni àkọ́kọ́. Ọmọkùnrin kan wà ní kíláàsì mi tí kò sọ ọ̀rọ̀ kankan fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, a sì ti fẹ́ kọ ọ́ sínú ìwé pé ó ní ìṣòro ọ̀rọ̀ sísọ. Ìyá àgbà rẹ̀ ni ó tọ́ ọ ní abúlé kan lẹ́yìn Ìjẹ̀bú-Igbó, Ìjẹ̀bú pọ́ńbélé ni ó sì ń sọ. Ní ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ la ẹnu, àwọn ọmọ yòókù rẹ́rìn-ín, èmi tí mo jẹ́ olùkọ́ náà sì bá wọn rẹ́rìn-ín, kò sì sọ̀rọ̀ mọ́. Ìyá tí ó ń se oúnjẹ fún wa, tí òun náà jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, ni ó kí i bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn nílé lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ọmọ náà sì rojọ́ títí ìrẹsì fi tutù. Láti ìgbà náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí mo ń bi òbí ni irú èdè tí ọmọ ń gbọ́ nílé àti ẹni tí ó ń bá a sọ ọ́ jù. Bí ẹ kò bá jẹ́ ọmọ agbègbè yìí, ẹ ní kí wọ́n kọ́ yín ní ọ̀rọ̀ mẹ́wàá nínú ẹ̀ka-èdè ibẹ̀: ti ìkíni, ti oúnjẹ, ti ìgbọ̀nsẹ̀, ti ibi tí ó ń dun ni. Ọmọ tí kò mọ bí yóò ṣe sọ fún yín pé ikùn ń run òun kò lè fetí sí ohunkóhun tí ẹ bá ń kọ́ ọ.

Àwọn òbí yóò ní Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn ń sanwó fún. Ẹ má bá wọn jà. Ẹ sọ fún wọn nípa iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún mẹ́fà tí wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò gbẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì rárá. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ́ ọmọ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, kí wọ́n lè gbà yín gbọ́.

Eré ni èkejì. Igun kan nínú kíláàsì tí ẹ bá fi ṣe ọjà yóò kọ́ ọmọ ní ìṣirò ju pátákó ìkọ̀wé lọ: ẹ gbé gààrí kalẹ̀ pẹ̀lú kóńgò àti agolo mílíìkì, kí ẹ jẹ́ kí wọ́n wádìí iye agolo tí yóò kún kóńgò. Wọn yóò jiyàn, ẹnì kan yóò bù ú kún bàmù, ẹlòmíràn yóò fi ọwọ́ gbá a pẹrẹsẹ bí ìyá rẹ̀ ṣe ń ṣe lọ́jà, ibẹ̀ ni ìtumọ̀ kíkún àti àìkún yóò ti yé wọn. Àgbàdo àti ẹ̀wà kò dára fún àwọn ọmọ ọdún méjì àti mẹ́ta, nítorí pé imú ni wọ́n ń fi sí. Ìdérí ìgò ńlá ni kí ẹ lò. Ẹ má sì fi ìkánjú gbé pẹ́ńsù lé wọn lọ́wọ́. Ọwọ́ tí kò ì tíì lè po amọ̀, tí kò lè fa bébà ya, tí kò lè de bọ́tìnì, kò ì tíì ṣe tán fún lẹ́tà, bí ó ti wù kí òbí bèèrè fún iṣẹ́ àmúrelé tó.

Ẹ̀kẹta ni wíwò. Ẹ ra ìwé kékeré kan, kí ẹ máa kọ ohun tí ọmọ ṣe, pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀, láì fi ìdájọ́ kún un. “Ọmọ náà ya ọ̀lẹ” kì í ṣe àkíyèsí, ìbínú olùkọ́ ni. “Ó jókòó ti ògiri ní ìṣẹ́jú ogún, ó ń wo àwọn tí ó ń kọ́ ilé” ni àkíyèsí. Ní ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn Ojúde Ọba, ọmọbìnrin kan ya ẹṣin ẹlẹ́sẹ̀ méje. Mo ti mú ìrésà láti pa ẹsẹ̀ mẹ́ta rẹ́ kí n tó rántí pé mi ò tíì bi í léèrè. Ó ní ẹṣin Balógun ni, ó ń jó. Àwòrán náà ṣì wà nínú fáìlì mi, ọjọ́ tí ó yà á sì wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: wíwá iṣẹ́

Iṣẹ́ ìjọba ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, níbi tí kíláàsì àwọn ọmọ kéékèèké so mọ́, ọwọ́ SUBEB, àjọ ìpínlẹ̀ tí ó ń bójú tó iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ní Abẹ́òkúta ni ó wà. Wọ́n máa ń kéde rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá fẹ́ gba olùkọ́; ẹni tí ó ní NCE sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ìpele keje, ẹni tí ó ní dìgírì ní ìpele kẹjọ. Kí ìgbà náà tó dé, àwọn iléèwé aládàáni ní Ìjẹ̀bú-Òde, Ṣágámù, Ìlíṣàn àti Ìpẹ́rù ni ọ̀pọ̀ wa ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ayọ̀ pé ẹ ríṣẹ́ dí yín lọ́wọ́ láti béèrè. Iye ọmọ tí yóò wà lọ́dọ̀ yín ńkọ́? Márùndínlọ́gbọ̀n fún olùkọ́ kan ni ìlànà orílẹ̀-èdè sọ fún kíláàsì tí ó ṣáájú alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ṣé olùtọ́jú yóò wà pẹ̀lú yín? Ta ni yóò máa fọ ọmọ tí ó bá yàgbẹ́ sára? Ṣé wọ́n ń san owó oṣù nígbà ìsinmi gígùn? Èyí tí ó kẹ́yìn yẹn, èmi kò béèrè rẹ̀ níbi tí mo kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, àfi ìgbà tí August dé tí ẹni tí ó ni iléèwé náà wí fún mi pé ẹni tí kò kọ́ni kì í gbowó. Ẹ gba lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́, kí iye owó wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá sì rí pàṣán lórí tábìlì kíláàsì àwọn ọmọ ọdún mẹ́ta nígbà tí ẹ lọ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, kí ẹ máa lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: bí ènìyàn ṣe ń di aṣíwájú ẹ̀kọ́

Èmi kò ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú pé kí ó du ipò kankan kí ó tó lo ọdún márùn-ún nínú kíláàsì, kí ó sì jẹ́ pé ó ti kọ́ ọjọ́ orí tí ó ju ọ̀kan lọ. Ṣùgbọ́n ẹ kò ní láti dúró de ipò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ mú olùkọ́ tuntun kan mọ́ra. Ẹ jẹ́ kí ó wá wò yín nígbà tí iṣẹ́ yín kò lọ déédéé, nítorí pé èyí tí ó lọ déédéé kò ní kọ́ ọ ní púpọ̀. Ẹ gbà láti bójú tó ìwé ìwọlé àwọn ọmọ, àpótí ìṣègùn, ìpàdé àwọn òbí, àwọn iṣẹ́ tí àwọn ẹlẹgbẹ́ yín ń sá fún. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti mọ bí iléèwé ṣe ń rìn.

Ohun tí ó ya aṣíwájú ẹ̀kọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí ó kàn ń fọwọ́ sí ìwé ni bí ó ṣe ń wo olùkọ́ tí ó ń kọ́ni. Ẹ sọ fún olùkọ́ náà ní ọjọ́ kan ṣáájú pé ẹ ń bọ̀. Ẹ jókòó sórí àga kékeré tí àwọn ọmọ ń lò, kí ojú yín lè wà ní ìpele ojú wọn. Ìdajì ìwé ni kí ẹ fi kọ ohun tí àwọn ọmọ ń ṣe, kì í ṣe ohun tí olùkọ́ ń sọ: ọmọ mélòó ni ó sọ̀rọ̀, ọmọ wo ni wọn kò pè láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ìṣẹ́jú mélòó ni wọ́n fi jókòó láì fọwọ́ kan nǹkan kan. Ẹ má ṣe tún olùkọ́ náà ṣe lójú àwọn ọmọ láé, àyàfi bí ewu bá wà. Ní ọjọ́ náà gan-an, kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ pè é síbi tí ẹlòmíràn kò ti ní gbọ́, ẹ jẹ́ kí ó kọ́kọ́ sọ bí òun ṣe rí i, kí ẹ tó ka ohun tí ẹ kọ. Lẹ́yìn náà, ẹ jọ yan nǹkan kan ṣoṣo tí yóò yí padà, kí ẹ sì padà wá wò ó láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Mo ti ṣe àṣìṣe kí n ka nǹkan mẹ́sàn-án fún olùkọ́ kan ní ẹ̀ẹ̀kan náà. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ó dúpẹ́, kò sì yí ọ̀kankan padà.

Bí olùkọ́ náà bá jù yín lọ lọ́jọ́ orí, èyí tí ó wọ́pọ̀, ẹ má tìtorí pé ẹ jẹ́ ọ̀gá gbàgbé ìkíni. Àwọn àgbà obìnrin tí mo bá lẹ́nu iṣẹ́, Màmá ni mo ń pè wọ́n nínú ìpàdé àti lẹ́yìn ìpàdé, mo sì máa ń ní kí wọ́n jẹ́ kí n wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń mú kíláàsì dákẹ́ láì pariwo, kí n tó wá sọ̀rọ̀ nípa lẹ́sìn nóòtì.

Ìgbésẹ̀ keje: àwọn ipò tí ó wà níwájú

Láti olórí ẹ̀ka àwọn ọmọ kéékèèké ni ènìyàn ti ń di igbákejì, lẹ́yìn náà ọ̀gá iléèwé. Ní iṣẹ́ ìjọba, ọdún mẹ́ta ni ó sábà máa ń wà láàárín ìgbéga kan àti òmíràn, kí ẹ lo àárín náà láti ka másítà nínú ìṣàkóso ètò ẹ̀kọ́. Àwọn mìíràn máa ń di olùbẹ̀wò, tàbí kí wọ́n ṣiṣẹ́ lábẹ́ akọ̀wé ètò ẹ̀kọ́ ní ìjọba ìbílẹ̀ bí Ìkẹ́nnẹ́, Odògbolú tàbí Àríwá Ìjẹ̀bú. Òfin tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2022 fún olùkọ́ ní ọdún márùndínláàádọ́rin láti fẹ̀yìn tì, tàbí ogójì ọdún lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ béèrè bí ìpínlẹ̀ tí ẹ ń bá ṣiṣẹ́ ṣe ń lò ó.

Ẹni tí ó bá fẹ́ dá iléèwé tirẹ̀ sílẹ̀, iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ti ìpínlẹ̀ ni yóò ti gba àṣẹ kí ọmọ kan tó wọlé. Kí ẹ tó kun ilé, ẹ ṣe ọgbà yí i ká, ẹ wá omi tí ó mọ́, kí ẹ sì ṣe ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí ìjókòó rẹ̀ bá ẹsẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́ta mu. Ẹ kó ẹ̀dà ìwé ẹ̀rí àti ìwé TRCN gbogbo olùkọ́ yín sínú fáìlì kan ní ọ́fíìsì iwájú, nítorí pé ó ṣeé ṣe kí àwọn olùbẹ̀wò dé ní ọjọ́ tí ẹ kò sí nílé, kí ẹ sì fi ibi tí ó wà han akọ̀wé yín.